Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbẹ́ Ìléru

Òwúrọ̀ ni wọ́n bá òkú Kan Yu-cheng nídìí ìléru, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì ní Hsinchu. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Gáàsì ló jò, tó sì gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó pariwo fún un ti kú kí gáàsì tó jò.

Nígbà tí Ìnísípẹ́kítọ̀ Tu Ching-he wọlé, ooru gbá a lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò tó ń hó. Ọ̀gbẹ́ni Shih, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, kò jẹ́ kó nu òógùn tán.

"Ọmọbìnrin yẹn ni kẹ́ ẹ mú!" Ó nawọ́ sí Liao Pei-hsuan, ẹnjiníà tó yan kọ̀ǹpútà tuntun fún wọn. "Ti tẹ́lẹ̀ ní fáànù. Ó ní aláìní-fáànù lòun fẹ́. Ta ló ń pa fáànù nínú ọ̀run àpáàdì?"

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èyí lẹ yàn, Ẹnjiníà?" ni Tu bi í.

"Fáànù máa ń fa eruku gíláàsì wọnú wọn, ọ̀gá. Eruku yẹn ló ń pa wọ́n. Irin orí èyí ló ń tú ooru jáde. Ẹ wò ó, ó là bí eyín òòyà."

"Kí ló wá pa á?"

Ó wolẹ̀. "Mi ò mọ̀. Èmi ni mo yàn án. Ẹ máa mú mi lọ sẹ́wọ̀n."

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ Tu létí. Ẹni tó mọ ìdí ohun gbogbo, kò wá mọ ìdí ẹyọ kan yìí?

Bàbá olóògbé, Kan Tsung-lin, tó ti darúgbó sẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, jókòó sórí àpótí. "Ẹ mú ọmọbìnrin náà lọ! Ọmọ mi kan ṣoṣo! Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n, kó pọn tiẹ̀!"

Tu rìn yíká. Lórí gbogbo kọ̀ǹpútà ni ọ̀rá ìpápánu àgbàdo aláwọ̀ ewé wà, bó ṣe wà lórí èyí tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí ìgbàgbọ́ ìlú wọn ni pé ọ̀rá yìí ń mú kí ẹ̀rọ máa gbọ́ràn. Orí ẹyọ tó kú nìkan ló ṣófo. Tu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun kan tó ní àwọ̀ ewé ti yọ́ mọ́ eyín irin náà. Ó fi èékánná họ ọ́, ó sì gbọ́ òórùn ọ̀rá tó jóná.

"Ta ló gbé ọ̀rá èyí kúrò?"

Pei-hsuan bú sẹ́kún. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni," ni Bàbá Kan dáhùn. "Mẹ́ta ni mo kó lé e, torí ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi ló wà. Láàárọ̀ yìí ni mo kó wọn jù síná. Ṣé wọn ò dà mí ni?"

"Orí eyín yìí lẹ kó wọn lé?"

"Níbo ni wọ́n tún ń gbé e sí? Orí ẹ̀ náà ni!"

Tu rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ̀gbẹ́ ni ti àtijọ́ fi ń mí, ọ̀rá kò dí wọn lọ́wọ́. Àwọn tuntun tó jìnnà síná lè rọ́jú gba ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n èyí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná gan-an, orí ló sì fi ń mí. Àwọn ọ̀rá yín ló bò ó nímú. Ẹnjiníà yìí mọ̀. Ó fẹ́ ru ẹ̀bi náà lọ sẹ́wọ̀n kí ẹ má baà mọ̀."

"Mo ti rí i tẹ́lẹ̀," ni Pei-hsuan wí. "Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ọ̀rá ẹlòmíì kúrò? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n á ní èmi ni mo fà á. Mo ní màá sọ fún yín, Bàbá. Mo kàn ń sún un síwájú ni."

Ọ̀gbẹ́ni Shih yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá Kan kò sunkún. Ó la ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wò wọ́n bí ọwọ́ àlejò.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá," ó wí níkẹyìn, "ìyá ọmọ náà ti se oúnjẹ sílẹ̀ dè wá. Ṣé dandan ni kó gbọ́ eléyìí?"

Tu ṣí fìlà orí rẹ̀.

Pei-hsuan ló kúnlẹ̀, tó di ọwọ́ arúgbó náà mú. "Ẹ dìde, Bàbá. Àwa méjèèjì la jọ máa lọ sọ fún un."

Bàbá Kan kò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.