Èmi Ni Mo Pín In

Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀fà ni mo pàdé Jàmíù, tíṣà ìṣirò ibẹ̀. Ó kọ oókan mọ́kànlá sójú pátákó: 11,111,111,111. Ó ní kò sí nọ́ńbà tó lè pín in dọ́gba, àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Tíṣà, ṣé ẹ ti pín in wò?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá bá mi pín in, Àǹtí."

Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìwé, a máa ń jókòó nítòsí stéṣọ̀n reluwé pẹ̀lú ìwé àti bírò. A ti pinnu pé a ò ní lo ẹ̀rọ ìṣirò.

Èmi ni mo rí ọ̀nà rẹ̀. Ohunkóhun tó ju oókan lọ tó bá pín nọ́ńbà yẹn dọ́gba, bí a bá fi méjìlélógún pín òun náà, oókan ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo fi dán irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dé orí 21,649, ó wọ̀ ọ́! 513,239 ló jáde.

Jàmíù gbé mi sókè. "Ràfá mi, ìwọ ni mo máa fẹ́."

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ ìṣirò, ó dìde, ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lára ìwé tó pín fún wọn. Inú bí mi gan-an.

Mo bá a níta. "Orúkọ mi dà, Jàmíù?"

"Olólùfẹ́, ṣé tèmi kì í ṣe tìrẹ ni?"

"Kí ló dé tí o ò wá kọ tèmi, kí o yọ tìrẹ?"

Mo ní kí àwọn ẹbí rẹ̀ má wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí a ti dá ọjọ́ sí mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, òun àti ìyá rẹ̀, Alhaja, wá sílé wa láti Ojoku.

"Ràfátù," Alhaja pariwo, "nítorí nọ́ńbà lásán?"

Ìyá mi gbè é. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ẹ́ o! Má ṣe orí kunkun."

"Ẹ má bínú, Mummy. Olè ló jà. Tó bá lè jà mí lólè báyìí, kí ló máa ṣe tó bá fẹ́ mi tán?"

Bàbá mi, tí mo ti fi ọ̀nà náà hàn, yíjú sí Jàmíù. "Ọmọ mi, ṣàlàyé fún mi. Kí ló dé tí oókan fi gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù?"

Jàmíù la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wojú mi. Èmi tí mo máa ń bá a parí ọ̀rọ̀, mo dákẹ́.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Daddy," ó sọ níkẹyìn. "Ràfátù ló mọ̀ ọ́n. Òun ló ṣe gbogbo rẹ̀."

Alhaja bo ojú. Jàmíù dọ̀bálẹ̀, ó ní òun máa kó gbogbo ìwé náà padà, òun á tún un kọ.

"Tún un kọ," mo ní. "Ṣùgbọ́n má padà wá."

Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi. Mo sin Alhaja dé ẹnu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ dágbére fún un, mo sì yára ti ilẹ̀kùn kí Jàmíù má baà rí omijé mi.