Gbòǹgbò Tí Ilarion Hú Lókè Ìsun Omi Wa

Ní Fon Zaboka, abúlé wa, kò sẹ́ni tó lè gbé garawa kọjá níwájú ilé Sò Anatild láàárọ̀ kó má mu kọfí. Ẹnu ojú àgbàrá gan-an ni ilé ìyá àgbà yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Sò bí ẹni ń pe arábìnrin, wà, níbi tí ọ̀nà ti yà sí ìsun omi wa. Ó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀, á sẹ́ kọfí nínú àpò aṣọ, á kọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ àtàwọn mìíràn tó ti lọ, kó tó bu fún àwa tó kù. Bó o bá ní ò ń kánjú, á bi ọ́ pé ṣé ìsun náà ń sá lọ ni.

Lọ́dún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó sá lọ lóòótọ́. Òkè wa ti pá látòkè délẹ̀, nítorí gbogbo wa la jọ gé igi rẹ̀ tá a fi sun èédú. Nígbà tí òjò ńlá dé, kò rí ohun tó máa dá a dúró. Àgbàrá kó iyẹ̀pẹ̀ òkè bo ìsun mọ́lẹ̀, ó sì gbé ilé ìdáná Sò Anatild lọ pẹ̀lú ìkòkò àti odó. Ọlọ́run ló yọ ìyá náà fúnra rẹ̀. Fún oṣù bíi mélòó kan, omi ẹrẹ̀ la ń bù mu. Sò Anatild ò jáwọ́ nínú kọfí o, àmọ́ tó bá ti bu tìẹ fún ọ tán, á kìlọ̀ fún ọ pé, "Má mu ún dé ìsàlẹ̀. Òkè Ilarion ló wà níbẹ̀."

A máa ń rẹ́rìn-ín, torí ilẹ̀ Ilarion aládùúgbò wa ló wà lókè orí ìsun, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dénú.

Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn nígbà tí a gbọ́ nípa owó ìrànwọ́ kékeré fún àtúnṣe òkè àti omi. Àwọn tó ń fi owó náà ránṣẹ́ kò rán àlejò wá ná an. Wọ́n ní kí gbogbo àwa tá à ń mu nínú omi kan náà, láti orí òkè títí dé afárá ìsàlẹ̀, yan èèyàn márùn-ún láàárín ara wa. Àwọn márùn-ún yìí ló máa gbọ́ ohun tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń fẹ́, wọ́n á lọ fojú ara wọn wo ibẹ̀, wọ́n á máa fún wọn lówó díẹ̀díẹ̀, wọ́n á padà lọ wò bóyá iṣẹ́ náà dúró, wọ́n á sì máa ròyìn owó ní gbangba lágbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Metrès Klemans ni olórí wa, obìnrin tó kọ́ ìdajì àdúgbò ní ìwé kíkà. Èmi Jezila tó ń ta búrẹ́dì náà wà níbẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ni olóbúrẹ́dì mọ̀ nípa òkè. Ẹsẹ̀ mi ló ń gùn ún lójoojúmọ́.

Ohun tí àdúgbò wa bẹ̀bẹ̀ fún ni kí á gbin koríko fetivè ní ìlà ìlà dábùú òkè, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè di iyẹ̀pẹ̀ mú. Owó àkọ́kọ́ dé, a fi ra koríko, a sì fi dáná fáwọn tó wá ṣọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ náà dùn. Orin ń lọ lókè, àgbàdo lílọ̀ àti ẹ̀wà ń hó nísàlẹ̀. Owó kejì máa dé kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀, ti ògiri òkúta tí a fẹ́ fi dábùú ojú àgbàrá nìyẹn, bí a bá ti wò pé koríko náà ṣì dúró.

Ẹ wá wo ọgbọ́n wa. Ní ìlú tí wọ́n ti ń ra gbòǹgbò fetivè láti fi ṣe lọ́fínńdà, òun la lọ gbìn sórí ìsun. Níhìn-ín, fetivè ni owó ìpamọ́ àgbẹ̀. Bí àìsàn dé, wọ́n á hú u. Bí òkú ṣẹlẹ̀, wọ́n á hú u. A so ewúrẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgbàdo, a wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ.

Orí ilẹ̀ Ilarion ni ìlà tó wà lókè pátápátá gbà kọjá. Èmi ni mo gbé Wozlò ọmọbìnrin rẹ̀ níbi ìsàmì, ìyẹn ni bàbá rẹ̀ fi ń pè mí ní Kòmè, tí èmi náà sì ń pè é ní Konpè. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀. Bí eyín bá ń dùn ún, ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú lẹ máa tó mọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí owó kejì dé, Wozlò ń rọbí, ọmọ dábùú nínú rẹ̀, agbẹ̀bí sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù ní ìlú Okay kíákíá. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ akẹ́rù àwọn tó ń ra gbòǹgbò wà lójú títì. Ilarion ò wí fún ẹnì kankan. Ó gbé ọkọ́, ó hú ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tà á, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló padà wá gún orí koríko náà, tó ti gé gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, mọ́lẹ̀ padà, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe tá a bá hú fetivè tán. Òjò wẹ́wẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn mú kó tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní kò sí ohun tó ṣe é.

Ọjọ́ tí àwa márùn-ún lọ wò ó, Sò Anatild tẹ̀ lé wa. Ó ní ilé òun ló wà nísàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ òun náà lọ rí i. Ilarion tó nilẹ̀ wà pẹ̀lú wa, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. A dé òkè, a rí koríko tútù, ọ̀kan nínú wa tó ń jẹ́ Desilòm ya fọ́tò. Ó ku ká máa sọ̀ kalẹ̀. Sò Anatild tó ti jókòó sinmi di ìdì koríko kan mú láti fi dìde, ìdì náà sì bá a lọ́wọ́ wá.

Ó yí i wò síwá, ó yí i wò sẹ́yìn.

"Ilarion, kí lèyí?"

"Koríko ni, Sò Anatild."

"Mo ríran. Gbòǹgbò rẹ̀ ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà tó la ẹnu. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ìrọbí, ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀nà Okay. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì purọ́ kankan mọ́ ọn. Ìyá náà gbọ́ ọ tán.

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó wà láàyè. Ìyá rẹ̀ náà ń bẹ."

"Ọlọ́run, a dúpẹ́. Gbòǹgbò yẹn ò ṣòfò nígbà náà." Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Àmọ́ òjò ò mọ ọmọ tuntun, Ilarion. Tó bá dé, orí mi ló ń bọ̀. Ilé mi ò sì jìnnà sí tìẹ. O wá lọ gbẹ́ òkè orí mi, dípò kó o kan ilẹ̀kùn mi."

Ojú ro mí. 

Desilòm ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní òun ò rí ohun tó le níbẹ̀, koríko ṣáà tutù nínú fọ́tò, ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ ká sì gba owó kejì. Ó ní bí a bá sọ òótọ́, wọ́n á gba owó náà padà, ògiri òkúta ò ní í sí, ilé ìyá náà á sì tún lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ náà wọ èèyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ wa létí. Èmi ò lè dá sí i. Òfin wa ni pé bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹbí tàbí kòmè ẹnì kan nínú wa, kó yẹra. Mo lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò kan ṣoṣo tó kù lókè náà pẹ̀lú Ilarion.

Ó rọra bi mí pé, "Kòmè, ṣé wọn ò ní lé mi kúrò lórí òkè báyìí?"

Mo ní, "Konpè, ta ló ráyè lé ọ? Àgbàrá ló máa lé gbogbo wa."

Metrès Klemans wá sọ̀rọ̀, kò pariwo. Ó ní irọ́ a máa tanná, kì í so. Ó ní àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ lè gba fọ́tò gbọ́, àmọ́ àgbàrá ò ní í gbà á gbọ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ní kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ máa bójú tó owó náà. Ó wá ṣàlàyé ohun tí púpọ̀ nínú wa ò mọ̀. Bí ètò bá yí padà, owó ìrànwọ́ kékeré yìí fàyè sílẹ̀ láti tún un ṣe. Kí á pe gbogbo ẹni tó ń mu omi náà sí ìpàdé, kí á sọ ohun tó bàjẹ́ àti ohun tá a fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, kí á kọ ọ́ ránṣẹ́ kí á tó ná owó tó kù.

"Ẹni tó bá wá sọ fún wa, a lè ràn án lọ́wọ́," ló wí. "Ẹni tó bá fi irọ́ gba owó kejì, ó ti jalè nìyẹn, ó sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àdúgbò rẹ̀."

Desilòm pa fọ́tò náà rẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí kò rọrùn fún ọkùnrin tó lágídí bẹ́ẹ̀.

A ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday. Wọ́n bú Ilarion, àwọn kan tiẹ̀ gbàgbé pé ọkọ̀ akẹ́rù yẹn ti wọ àwọn náà lójú. Títí Sò Anatild fi béèrè pé kí ẹni tí kò hú fetivè rí láyé rẹ̀ nawọ́. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ibẹ̀ la ti wá ro ó dáadáa. A fẹnu kò pé kí á gbin eèsún àti ọ̀pẹ òyìnbó sókè, ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní í hú gbòǹgbò rẹ̀ tà, tí ewúrẹ́ sì lè jẹ ewé eèsún tá a bá gé e. Ẹni tó bá fẹ́ fetivè títà, kó gbìn ín sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, jìnnà sí ojú àgbàrá. A sì bẹ̀bẹ̀ pé kí owó ògiri òkúta tètè dé. Nígbà tí èsì dé, ọpẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, pé a ṣeun tá a sọ òótọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i, owó sì dé.

Ọ̀wẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ilarion ló ń kọ́kọ́ gbé òkúta láàárọ̀, òun ló sì ń gbé e kẹ́yìn. Eèsún ò tíì ta gbòǹgbò dáadáa tí òjò fi ṣú lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó rọ̀ bíi ti ọdún tó kọjá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń gbọ́ bí òkè ṣe ń hó, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè gbàdúrà. Bó ṣe dá, mo sáré wọ inú ẹrẹ̀ lọ sílé Sò Anatild. Ilarion ti débẹ̀ ṣáájú mi.

Ilé ìdáná tí a tún kọ́ fún un dúró. Ẹ̀yìn ògiri kọ̀ọ̀kan ni iyẹ̀pẹ̀ òkè dúró sí. Ògiri kan tiẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n kò wó, omi tó kọjá ò ga ju kókósẹ̀ lọ. Ìyá náà ń fẹ́ná lọ́wọ́. Ó wo àwa méjèèjì látòkè délẹ̀, ó ní ta ló sọ fún wa pé ilé òun ni wọ́n ti ń nu ẹsẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Inú mi dùn ju kí n lè fẹnu sọ ọ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Wozlò gbé ọmọ rẹ̀ wá kí i. Sò Anatild gbé ọmọ náà lé itan, ó sẹ́ kọfí, ó ta díẹ̀ sílẹ̀ fáwọn tó ti lọ, ó sì bu fún Ilarion. Ilarion mu ún, ó wá fi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ bí ó ti mọ́ wa lára.

"Mu ún tán," ni ìyá náà wí. "Òkè rẹ ò sí níbẹ̀ mọ́."

Ẹ̀yin ará tí omi yín ń ti òkè wá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi owó yìí ránṣẹ́, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi ẹ̀yìn gbé òkúta. Ẹ jẹ́ kó ṣe yín láǹfààní bó ṣe ṣe wá. Ẹ yan ẹni tó ń mu nínú omi náà láti bójú tó owó rẹ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó bẹ̀bẹ̀ fún owó náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má gbin ohun tí ẹ máa hú lọ́la sójú àgbàrá. Bí ètò bá sì bàjẹ́, ẹ tètè lọ sọ fún ìgbìmọ̀ yín, kí òjò tó wá sọ ọ́. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní í gbà fún un.

Bí ìṣòro tó ju agbára yín lọ bá sì dé, ẹ má gbẹ́ òkè orí aládùúgbò yín. Ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí kọfí ti wà lórí iná.