Èjìká Mẹ́rin Láti Kavolo

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò bu iyọ̀ sí i. Ojú ara mi ni mo fi rí ìdajì rẹ̀. Ìdajì yòókù, ẹnu Tamsin ọmọ mi ni mo ti gbọ́ ọ, Tamsin kì í sì í purọ́, kódà nígbà tí irọ́ ìbá gbà á sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ bàálù ológun wa ní Townsville kì í ṣe ẹgbẹ́ àná. Ní ọdún 1943, bọ́ǹbù ni wọ́n ń jù. Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì ni wọ́n ń lò, ọkùnrin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gbéra láti orí pápá eléèpẹ̀ kan ní Kavolo, ní etíkun Papua. Nígbà tí ogun parí, wọ́n gba bọ́ǹbù lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi ẹrù lé wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ìrẹsì ni, bùláńkẹ́ẹ̀tì ni, lẹ́tà ni, aláìsàn ni, òkú ọmọ ogun ni. Nígbà tí ìjì Kérésìmesì wó ìlú Dáwìn palẹ̀, a wà níbẹ̀. Ọkọ mi ṣe mẹ́káníìkì fún ẹgbẹ́ náà títí ó fi kú. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé ìtàn wọn. Tí mo bá sọ pé "àwa", ó tọ́ sí mi.

Àṣà kan wà tí a ò fi sílẹ̀ láti ìgbà bọ́ǹbù. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wọ bàálù, tàbí tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, a gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ ká tó kà á. Ìkà ọwọ́ ni ìkà. Èéfín a máa tan ojú. Eruku a máa tan ojú. Ọwọ́ kì í kan ohun tí kò sí.

Nígbà ogun, Merv Tulloch ló ń kà. Ọmọ ogún ọdún ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní Kavolo, ó fọwọ́ kan èjìká mẹ́rin. Bàálù náà forí lé òkun. Kò padà. A ò rí àfọ́kù rẹ̀ kankan.

Ní ọdún 1996, ìjì jà ní Kavolo. Wọ́n rán bàálù wa lọ kó àwọn tó fara pa. Tamsin, ọmọ mi kan ṣoṣo, ló ń bójú tó ẹrù àti èrò. Ọ̀gágun Dreyer ló wà á.

Pápá àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n balẹ̀ sí. Ó kúrú. Igi àgbọn wà ní ìparí rẹ̀, òkun sì wà lẹ́yìn àgbọn. Wọn ò pa ẹ́ńjìnnì, eruku bo gbogbo ibẹ̀. Tamsin dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ń fọwọ́ kan èjìká, ó ń kà. Nọ́ọ̀sì ti fún un ní ìwé. Èèyàn méjìdínlọ́gọ́ta ló wà nínú ìwé.

Ọwọ́ Tamsin ka méjìlélọ́gọ́ta.

Ó ní kí àwọn tó lè rìn sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tún wọlé. Ó tún wọn kà. Méjìlélọ́gọ́ta.

Dreyer jáde wá. "Kí ló dé? Òjò ń bọ̀."

"Ọ̀gá, ìkà mi fi mẹ́rin ju ìwé lọ."

Dreyer fi ojú kà wọ́n. "Méjìdínlọ́gọ́ta ni wọ́n. Ṣé o ti mu bíà láàárọ̀ yìí ni?"

"Ká ní mo ti mu bíà, ọ̀gá, ẹ̀ bá ti gbọ́ orin mi."

Kò rẹ́rìn-ín. "Wo iwájú lọ́hùn-ún. Àga mẹ́rin ló ṣófo."

Tamsin wò ó. Lóòótọ́, kò sí ẹnì kankan lórí wọn. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà ní dídè.

"Kọ méjìdínlọ́gọ́ta, ká máa lọ," ni Dreyer wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Mi ò lè buwọ́ lu ohun tí ọwọ́ mi ò kà."

"Tó bá jẹ́ méjìlélọ́gọ́ta, a ti wúwo jù fún pápá yìí. A máa já nǹkan sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká já jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà nínú bàálù yẹn sílẹ̀."

"Jẹnẹrétọ̀ ìjọba! Ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé fún wọn o."

"Màá ṣàlàyé."

Inú ẹgbẹ́ yìí ni Dreyer náà ti dàgbà. Ó wo ọwọ́ Tamsin. Ó wo àwọn àga náà. Lẹ́yìn náà ó pe àwọn ọkùnrin, wọ́n sì ti jẹnẹrétọ̀ náà sórí iyẹ̀pẹ̀.

Bí táyà ṣe kúrò nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan nínú mẹ́rin kú. Bàálù náà rì díẹ̀. Orí igi àgbọn fọwọ́ pa á nínú. Ó tún gbéra. Dreyer fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ká ní jẹnẹrétọ̀ yẹn wà nínú rẹ̀, inú òkun ni wọn ì bá wà.

Èmi wà ní pápá wa ní Townsville, pẹ̀lú tíì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti sọ fún wa pé ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló kù. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi dúró. Mi ò jókòó. Merv wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Wọ́n máa ń jẹ́ kó dúró nísàlẹ̀ kó bá wọn kà, nítorí ọ̀wọ̀.

"Glenys," ó ní, "tíì rẹ yìí, omi tí wọ́n fi fọ ife ni."

"Ẹ máa mu ún bẹ́ẹ̀, Bàbá Merv."

"Ọmọ yẹn ń bọ̀. Gbé ojú kúrò lójú sánmà, ọrùn á dùn ọ́."

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n balẹ̀. Ewé àgbọn há sára táyà. Mo rí Tamsin lókè, lẹ́nu ilẹ̀kùn, odindi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Merv ń kà nísàlẹ̀. Ẹni tó kẹ́yìn jẹ́ ìyá àgbà kan tó ń fi igi rìn. "Méjìdínlọ́gọ́ta," ni Merv wí.

Mo retí kí ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Kò wálẹ̀.

Lókè, Tamsin ṣì ń kà. Ẹnì kankan ò sí níwájú rẹ̀.

"Mọ́kàndínlọ́gọ́ta," ni Merv wí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọ̀dọ́. "Ọgọ́ta. Mọ́kànlélọ́gọ́ta."

Nígbà tó kan ìkẹrin, ọwọ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀. Fọ́tò àwọn mẹ́rin ọdún 1943 wà nínú ìwé wa. Ẹni kẹrin, Wally Prior, kúrú.

"Méjìlélọ́gọ́ta."

Merv wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó tutù rinrin. Omi ń kán níbẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ sílé.

Àwọn àgbà ọ̀gá ní kí Tamsin yí ìwé náà padà. Kò yí i. Dreyer buwọ́ lù ú tẹ̀ lé e. Nínú ìtàn ẹgbẹ́ wa, níbi tí mo kọ iye èèyàn tí a gbé kúrò ní Kavolo sí, méjìlélọ́gọ́ta ni mo kọ. Mo fi gègé fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò kọ síbẹ̀. Àárín bàálù àti bọ́ọ̀sì ọsibítù ni mo dúró sí. Lẹ́yìn tí Merv kà tán, àwọn ẹyẹ tó máa ń ké nínú koríko ní ìrọ̀lẹ́ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òtútù kọjá lára mi. Ó rùn bí òkun. Mo yà fún un, bí èèyàn ṣe ń yà fún aláìsàn. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹrin dúró.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni mo wí. "O ti délé. Máa lọ."

Dreyer yíjú sí mi láti ẹ̀yìn. "Ìyá Tamsin, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Mi ò yíjú padà. Ẹni náà kò tíì kúrò níwájú mi.