Ẹni Tó Wà Nísàlẹ̀ Kànga

Ojú tí kò ríran dáadáa ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi kọ́kọ́ rí ọkùnrin tó padà fẹ́. Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa. Omi ẹ̀rọ ilé-ìwé náà gbẹ, wọ́n bá pe àwọn agbẹ́kànga. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi ní kí òun lọ wo ibi tí wọ́n gbẹ́ ẹ dé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ tó yọjú sínú ihò báyìí, awò ojú rẹ̀ já bọ́, ó di ìsàlẹ̀.

Ohùn ọkùnrin kan dìde láti inú ilẹ̀: "Ta ló ń sọ òkò dígí lù mí lórí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Awò mi ni. Ṣé ó ti fọ́?"

"Èwo lẹ̀ ń béèrè, awò ni àbí orí mi?"

Ẹ̀rín pa ẹ̀gbọ́n mi débi pé ó jókòó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi okùn fa ọkùnrin náà sókè, amọ̀ ti bò ó látòkè délẹ̀, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun. Ó nu awò náà sára ibi kan ṣoṣo tó mọ́ lára ẹ̀wù rẹ̀, ó sì nà án sí i.

"Kò fọ́," ló wí. "Orí mi rọ̀."

Oníkànga ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá àgbà yẹn á dúró sókè, á di okùn mú. Oníkànga á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Wọ́n gbẹ́ kànga ilé-ìwé náà tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kò yéé wá. Ó ní òun wá wò ó bóyá omi ń sun dáadáa. Omi tó ti ń sun látọjọ́ pípẹ́!

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá àwọn méjèèjì lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé-ìwé. Wọ́n ní kí n jókòó, mo sì jókòó, nítorí etí mi fẹ́ gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Ẹ̀rù kì í bà ọ́ nísàlẹ̀ yẹn?"

"Kò sọ́jọ́ tí kì í bà mí."

"Kí ló dé tó o fi ń lọ?"

Ó tọ́ka sókè. "Bí mo bá ti jìn, tí mo gbójú sókè, ojú ọ̀run kì í ju àwo oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò rò ó rí pé ọ̀run ló kéré. Èmi ni mo wà nínú ihò. Bí mo ṣe ń wo Ọlọ́run náà nìyẹn, olólùfẹ́ mi. Kò bá mi ṣèlérí pé ilẹ̀ ò ní ya. Ó ní bó bá ya, òun á wà níbẹ̀."

Ó pè é ní olólùfẹ́ níṣojú mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn ti kúrò ní eré.

Ọwọ́ ìyá wa lọ̀rọ̀ kù sí. Aṣọ ilé ìwòsàn ni màmá ń fọ̀, tó ń lọ̀, nínú yàrá méjì tí à ń gbé. Nígbà tí bàbá wa ń ṣàìsàn, àwọn ará ìjọ yí ibùsùn rẹ̀ ká, wọ́n búra fún màmá pé kò ní kú, pé Ọlọ́run ti sọ fún àwọn. Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́rú, kí àwọn kan nínú wọn tó délé. Láti ọjọ́ náà, màmá ṣì ń lọ sí ilé ìjọsìn, àmọ́ ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí. Kì í kọrin. Kì í ṣe àmín. Kì í gbàdúrà.

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi mú Oníkànga wálé, aṣọ ni màmá ń lọ̀. Ọkùnrin náà kí i, màmá dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?"

"Kànga ni mò ń gbẹ́, mà."

Irin ìlọṣọ dúró gbọin lórí aṣọ. A gbọ́ òórùn ìjóná kí màmá tó rántí gbé e. Ibi tó jó náà dúdú, ó rí róbótó, bí ẹnu ihò. Kò tún pe ọkùnrin náà ní ọmọ mi mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ àlá tó lá fún wa. "Mo rí bàtà ọkùnrin kan, ẹsẹ̀ méjèèjì, létí ihò kan. Kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún lá a. Nígbà kẹta, ó ní bàtà náà ti kúrò létí ihò, ó wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ó kọjú sílé.

"Ọmọ yìí, mo bẹ̀ ọ́," ló sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Mo ti sin ọkọ kan. Mi ò fẹ́ bá ọ sin tìẹ."

"Màmá, àlá kì í ṣe ìlérí Ọlọ́run."

"Ìlérí? Èmi lò ń sọ ìlérí fún? Ṣé kì í ṣe ìlérí ni wọ́n fi tàn mí jẹ lẹ́bàá ibùsùn bàbá rẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Màmá, èèyàn ló ṣe ìlérí yẹn. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì fi orúkọ Ọlọ́run sí i. Ohun tí Òun fúnra rẹ̀ sọ ni pé òun ò ní fi wá sílẹ̀. Ṣé ó fi wá sílẹ̀? Àwa mẹ́ta rèé."

Màmá já ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Bó o bá fẹ́ ẹ, mi ò ní dúró níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi kò bínú lọ. Ó sọ fún Oníkànga pé òun kò ní ṣe ìgbéyàwó tí ìyá òun kò bá sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. Oníkànga ní ó dáa, àwọn á dúró. Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi dúró. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá kí màmá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Màmá á dáhùn látinú yàrá, kò ní jáde.

Nínú oṣù mọ́kànlá yẹn, nǹkan ò lọ dáadáa. Kànga kan wó pa agbẹ́kànga míì ní òdìkejì ìlú; bí màmá ṣe gbọ́, ó kàn wo ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èmi fúnra mi wá ń lá àlá bàtà.

Nígbà tó yá, kànga ilé tí à ń gbé gbẹ. Onílé kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó lọ bẹ àwọn tó mọ̀ níṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a ṣílẹ̀kùn, a bá Oníkànga àti bàbá àgbà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú okùn àti ṣọ́bìrì. Màmá padà wọlé, ó fa aṣọ ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó tún ṣí i, ó sì dúró síbẹ̀.

Ní ọjọ́rú, Oníkànga sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lójú mi pé, "Iyanrìn ilẹ̀ yín ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló ń sọ?"

"Kò tíì yé mi. Lọ́la a ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ríìngì kọnkéré yí inú rẹ̀ ká, kó lè dákẹ́."

Ilẹ̀ ọjọ́bọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi iṣẹ́. Mò ń sá aṣọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe ariwo. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan tó tóbi gan-an mí kanlẹ̀. Mo yíjú, eruku ń jáde lẹ́nu kànga, okùn sì ń sá lọ lọ́wọ́ bàbá àgbà, tó ń bó awọ ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá wa ló kọ́kọ́ débẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe jáde. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀, ó di okùn náà mú, ó sì ń kígbe pé, "Dáhùn! Ìwọ ọkùnrin yìí, dáhùn!"

Ó pẹ́ kí ohùn kan tó jáde. "Mo wà láyé, mà. Ó bò mí dé àyà. Ẹ má fà mí o. Ẹsẹ̀ mi ti há."

Mo sáré lọ pe ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí a fi dé, àwọn panápaná ti wà níbẹ̀, wọ́n ti tẹ́ pákó yí ẹnu kànga ká. Ọ̀gá wọn ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé sí i, ńṣe ni àwọn máa gbẹ́ ihò míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwọn lè gba ìsàlẹ̀ yọ sí i. Ó ní kí a má retí pé ó máa yá. Ó tún sọ nǹkan kan fún bàbá àgbà, mo sì rí bàbá àgbà tó fi ọwọ́ bojú.

Ẹ̀gbọ́n mi dojú bolẹ̀ lórí pákó.

"Olólùfẹ́ mi."

"Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni. Mo wà níbí."

"Má lọ o."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn, wákàtí lórí wákàtí. Oníkànga á béèrè, "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi á dáhùn, "Mo wà níbí." Ohùn ọkùnrin náà ń rẹlẹ̀ sí i. Iyanrìn ń dà díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti dà, gbogbo wa á tẹ́tí. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi pè é, kò dáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó pè é títí ohùn òun náà fi há.

Ìgbà yẹn ni màmá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọdún mẹ́rin tí mi ò ti gbọ́ àdúrà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, àdúrà náà kò sì dùn ún gbọ́.

"Ọlọ́run, mo ṣì ń bínú sí ọ," ló wí. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mi ò mọ ohun tó o fẹ́ ṣe, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ ọ́ fún mi. Àmọ́ o ní o ò ní fi èèyàn sílẹ̀. Èmi ò lè dé ìsàlẹ̀ yẹn. Ọmọ mi ò lè dé ibẹ̀. Ìwọ, lọ jókòó tì í. Bó bá máa kú, má jẹ́ kó dá kú. Ohun tí mò ń béèrè nìyẹn. Ìyẹn nìkan."

Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Ó ṣe é fúnra rẹ̀.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ kí àwọn panápaná tó gbé e jáde, ó rí bí ẹni tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Gbogbo wa rò pé ó ti kú. Dókítà fi etí lé e láyà, ó ní ó ń mí.

Ó yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò yè. Wọ́n gé e níbi orúnkún. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ tó rí bó ṣe rí, ó ní òun kò fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ránṣẹ́ sí i pé kó wá ọkọ tó lè dúró fẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n mi fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, tí wọn kò jẹ́ kó wọlé.

Màmá ló wọlé. Aṣọ tó ti lọ̀ fún ilé ìwòsàn ló gbé dání, kò sí nọ́ọ̀sì tó dá a dúró. Mo tẹ̀ lé e.

Ó fa àga, ó jókòó. "Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, má purọ́ fún mi. Nígbà tó o ò dáhùn mọ́ yẹn, ibo lo wà?"

Oníkànga wo àjà. "Mi ò mọ̀, mà. Mi ò rí ìmọ́lẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Ohùn ọmọ yín ni mò ń gbọ́, nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ìyẹn náà mọ́. Ó yẹ kí ẹ̀rù pa mí. Kò pa mí." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, mà. Mi ò dá wà."

Màmá mú etí aṣọ ibùsùn. Ó ń nà án, ó ń ká a, ó tún ń nà án.

"Bàbá wọn," ló wá sọ, "ó rẹ́rìn-ín kó tó kú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbínú ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó wo apá ibi tí kò sí èèyàn, ó sì rẹ́rìn-ín." Ó nu ojú. "Ọmọ mi wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Kò tíì jẹun látàná. Ṣé kí n pè é ni, àbí kí n lọ sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ ló fẹ́ fẹ́ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ìwọ?"

Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà lẹ́nu Oníkànga kí ẹkún rẹ̀ tó dá. "Ẹ pè é, mà."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan ti dára o. Egbò náà ṣì ń dùn ún, ibà ṣì máa ń mú un, dókítà kò sì fọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n mi mọ gbogbo èyí nígbà tó ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ìjókòó iwájú ni màmá wà.

Nígbà tí a fẹ́ jáde, òjò kan ti rọ̀ sórí àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn. Oníkànga dúró lókè pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábíyá, ó ń wo àtẹ̀gùn méje tó ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi di apá ọ̀tún rẹ̀ mú. Màmá gba àárín èrò kọjá, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa yọ̀, ó sì di apá òsì mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Bí mo bá ṣubú, mà á ṣubú lù yín."

"Bó o bá máa ṣubú," ni ìyá wa wí, "apá ọ̀dọ̀ mi ni kó o ṣubú sí. Gbé ẹsẹ̀."

Ó gbé e.