Ìka Ọwọ́ Ìyàwó Wẹ́dà

Gbogbo ìgbà tí ayàwòrán bá ya fọ́tò obìnrin náà, ojú rẹ̀ á dì nínú àwòrán náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣẹ́jú," ni ayàwòrán ń wí, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ń wo ojú náà nínú ẹ̀rọ, ó sì rí i pé ó là kedere, funfun rẹ̀ ń dán. Ó tún un yà. Ojú tún dì. Kò rí bí ojú ẹni tó ṣẹ́jú lójijì. Ó dì pátápátá, ó sì rọlẹ̀, bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á dé. Ayàwòrán fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, ó ní bóyá ẹ̀rọ òun ló ń ṣàìsàn, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, Bàbá Ọmọ," ni obìnrin náà sọ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ìta. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Torí fọ́tò lásán-làsàn? Wọ́n á yà á fún wa ní ọ́fíìsì físà."

Wẹ́dà ni ọkùnrin yìí, ọ̀gá nídìí irin jíjó. Bó bá so irin méjì pọ̀, o ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yìí ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi lókè òkun rí, tí wọ́n fi ní kó máa bọ̀. Ayọ̀ ńlá ni, àmọ́ físà kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò tí wọ́n kàn ń já fúnni. Agẹ́ńtì tó ń bá a ṣètò ìrìn àjò náà ló là á yé e.

"Ọ̀gá, bàtà ni físà. Èyí tó bá ṣe rẹ́gí lẹ́sẹ̀ ẹni là ń wọ̀. Ti àlejò wà, kò gbà kéèyàn ṣiṣẹ́. Ti akẹ́kọ̀ọ́ wà, ẹ ò sì ní gbé irùngbọ̀n yẹn lọ jókòó sí kíláàsì. Ti òṣìṣẹ́ ni tiyín. Ohun tó kù ni pé, ṣé ẹ̀yin nìkan ni, àbí tìyàwó-tọmọ?"

"Tìyàwó-tọmọ," ni wẹ́dà dáhùn, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá tirẹ̀ lọ sókè òkun nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ní òun á ránṣẹ́ pè wọ́n. Títí ìyá rẹ̀ fi kú, ìránṣẹ́ kò dé. Wẹ́dà ti búra pé òun ò ní sọ ọmọ òun di ẹni tó ń wọ̀nà.

Ìyàwó rẹ̀ ni kò gbà. "Ẹ gba ti ẹyọ ẹnì kan. Ẹ ó máa wá wò wá. Èmi á tọ́jú ọmọ." Ó kúnlẹ̀. "Ibikíbi láyé yìí ni mo lè bá yín lọ, Bàbá Ọmọ. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe, àmọ́ ọwọ́ náà kì í móoru, kódà bó bá ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ aṣọ oníbàárà láti àárọ̀. "Omi ibẹ̀ tutù jù," ló wí.

Wẹ́dà rò pé ẹ̀rù ilẹ̀ àjèjì ni. Ẹni tí kò lẹ́bí, ó yẹ kí ẹ̀rù máa bà á. Nígbà tó kọ́kọ́ rí i, inú ọkọ̀ akẹ́rù ló ti sọ̀ kalẹ̀, òun àti àpò kékeré kan, ó ní àwọn èèyàn òun ti tán. Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà obìnrin kùn nígbà náà pé, "Àbúrò mi, igi wo ni kò ní gbòǹgbò?" Ṣùgbọ́n ìwà obìnrin náà dára, nígbà tó sì bímọ, ẹ̀gbọ́n gbé ẹnu dákẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wẹ́dà gbàgbé fóònù rẹ̀ sílé, ó sì padà wá mú un. Ó gbọ́ ohùn láti ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ló dúró láàárín iyàrá, fóònù ọkọ rẹ̀ létí, tó ń sọ èdè òkè òkun náà. Kò ta kókó, kò kólòlò. Ó ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, bí ọmọ tó délé lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn. Nígbà tó yíjú tó rí ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín náà kú.

"Ilé-iṣẹ́ yín ló pè," ló wí. "Wọ́n ní kí ẹ tètè máa bọ̀."

"Níbo lo ti gbọ́ èdè wọn?"

"Nínú tẹlifíṣọ̀n."

Wọn ò ní tẹlifíṣọ̀n nílé.

Ó yẹ kí wẹ́dà dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wọ ọkọ̀, etí rẹ̀ kì í gbọ́ ìpè ẹ̀yìn.

Nígbà tó yá, tọkọ-tìyàwó mú ọmọ wọn obìnrin lọ sí ọ́fíìsì físà. Ibẹ̀ tutù, ó sì dákẹ́. Gbogbo èèyàn ló di fáìlì mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní kí wẹ́dà gbé ìka lé ẹ̀rọ. Iná àwọ̀ ewé tàn. Ó kan ìyàwó. Obìnrin náà na ọwọ́, ó fà á padà. Wẹ́dà rọra tì í nígùnpá.

Iná kò tàn. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ títí. Akọ̀wé ní kó nu ìka rẹ̀, kó tún un gbé lé e. Ó tún un ṣe. Akọ̀wé wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo obìnrin náà, ó dìde, ó sì lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà jẹ́ ìyá arúgbó láti orílẹ̀-èdè ọ̀hún. Ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, tíì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sórí àwo.

"Ṣé ẹ ti dé orílẹ̀-èdè wa rí?"

"Rárá, mà."

"Ìka yìí ti débẹ̀ rí."

Obìnrin náà yíjú sí ọkọ rẹ̀. Kò bínú. "Mo ní kí ẹ lọ nìkan," ló wí jẹ́jẹ́. Ó mú ọwọ́ ọmọ wọn obìnrin, ó fi sínú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì fún méjèèjì mọ́ra wọn. "Ẹ jẹ́ n lọ mu omi." Ó rìn gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, kò sì wẹ̀yìn.

Ìyá arúgbó pe wẹ́dà wọ iyàrá, ó yí kọ̀ǹpútà sí i. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò tó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ là, aṣọ tí wẹ́dà kò rí rí ló wà lọ́rùn rẹ̀.

"Obìnrin yìí ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa," ni ìyá náà wí. "Odò ló gbé e lọ nígbà òtútù. Ìka rẹ̀ la fi dá òkú rẹ̀ mọ̀, a sì sin ín." Gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí wẹ́dà tó rí ẹni tó sọ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. "Ẹ̀rọ lè ṣàṣìṣe," ni ìyá náà fi kún un.

Wẹ́dà gbé ọmọ kọ́ èjìká, ó sáré jáde. Kò sẹ́nì kankan nídìí omi. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣófo. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé náà ní, ẹ̀ṣọ́ tó sì wà níbẹ̀ fi ìyá rẹ̀ búra pé obìnrin kankan kò kọjá.

Wọ́n wá a títí, ó rẹ̀ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà kò sọ pé ṣebí mo ti wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọmọ sórí itan, ó ń sunkún. "Àkúdàáyà ni, àbúrò mi. Ó kú síbẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ó wá lo èyí tó kù lọ́dọ̀ rẹ. Wọn kì í dúró níbi tí àṣírí wọn bá ti tú."

"Ṣé ó lè padà?"

"Kì í ṣe síhìn-ín. Kì í ṣe ọ̀hún náà."

Físà dé, ti bàbá àti ti ọmọ. Wẹ́dà wò ó, ó sì yé e pé ibẹ̀ gan-an ni ìyàwó òun kò ní sí láéláé, pé ibi tí ẹ̀rọ kò ti ní dá ìka rẹ̀ mọ̀ ló máa sá lọ. Ó tì í sábẹ́ àpótí, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó gba ọ́fíìsì agẹ́ńtì lọ. Agẹ́ńtì kò rí ìyàwó rẹ̀ rí. Wẹ́dà nìkan ló máa ń wá.

"Ọ̀gá òkè òkun!" ni agẹ́ńtì kí i. "Ìgbà wo lẹ ń fò?"

Wẹ́dà jókòó. "Orílẹ̀-èdè wo ló kù láyé tí wọn kì í gba ìka ọwọ́ èèyàn kó tó wọlé?"

Ẹ̀rín agẹ́ńtì dáwọ́ dúró. "Kí ló dé tí gbogbo yín ń bèèrè ìyẹn lónìí? Obìnrin kan jókòó sórí àga yẹn láàárọ̀. Ohun tó bi mí gan-an nìyẹn."

Wẹ́dà dìde. Ó fọwọ́ kan àga náà. "Ibo lẹ ní kó lọ? Ẹ dákun, ibo lẹ sọ fún un?"

Agẹ́ńtì wo ọmọ náà, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ní ọkùnrin kan tó fa ọmọ obìnrin lọ́wọ́ á wá bi mí. Ó sunkún, ọ̀gá. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún un. Ó ní bí ọkùnrin náà bá tún rí òun lẹ́ẹ̀kan sí i, ibi tí òun máa sá lọ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí físà tó débẹ̀."