Ohùn Tó Ń Ka Bíbélì

"Tún un kà, ọmọ mi. Rọra kà á. Jẹ́ kí ó dà bíi pé ẹkún fẹ́ gbọ̀n ọ́."

Alàgbà Oníbúlọ́ọ̀kù fi ọwọ́ nu eruku sìmẹ́ǹtì kúrò lójú fóònù rẹ̀, ó sì sún un mọ́ ẹnu ọmọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀. Níta, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ó na orí síta lójú fèrèsé, ó ní kí wọ́n dá ṣọ́bìrì dúró díẹ̀. Wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá wọn ń du ipò káńsẹ́lọ̀, inú rẹ̀ kì í sì í dùn lásìkò yìí àfi bó bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Agogo ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà. Orúkọ yẹn kì í ṣe ti ìsọmọlórúkọ, ohùn rẹ̀ ló bí i. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bó bá ti lanu, ọmọ tó ń ké á panu mọ́, àwọn àgbà tí oorun ti ń gbé lọ á sì jí, wọn á máa mi orí bíi pé wọn kò sùn rárá. Ó kù díẹ̀ kó ṣe ìdánwò àṣekágbá níléèwé girama, kò sì sí ohun tó wù ú láyé yìí bíi kó máa ka ìròyìn lórí rẹ́díò.

Alàgbà mọ èyí. Àna rẹ̀ ni ọ̀gá iléeṣẹ́ rẹ́díò.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ Agogo kò gùn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé òun fojú ara òun rí aboyún kan tó kú sẹ́nu ọ̀nà ibùdó ìlera àdúgbò, nígbà tí Nọ́ọ̀sì wà nínú yàrá tó ń sùn, tó kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló ń bá Alàgbà du ipò, nítorí ó ti rẹ obìnrin náà láti máa bẹ ìjọba fún omi àti iná tí yóò fi máa gbẹ̀bí.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́ sà," Agogo ní, "n ò rí nǹkan báyìí rí."

"Ta ló ní o rí i? Ọmọ mi, Nọ́ọ̀sì kì í ṣe èèyàn burúkú, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ará ìjọ wa. Ṣé ẹni tí kì í bá wa jọ́sìn ló yẹ kó máa darí wa? Bí mo bá dé ibẹ̀, iṣẹ́ Ọlọ́run ni mo fẹ́ lọ ṣe."

"Irọ́ ni, sà."

Alàgbà rẹ́rìn-ín. "Ráhábù ńkọ́? Ṣé kò parọ́ ni? Ìwọ gan-an lo ka ibẹ̀ fún wa. Ọlọ́run kò ha gbà á là? Kà á, ọmọ mi. Tí o bá parí ìdánwò báyìí, ọ̀dọ̀ àna mi ni tààrà."

Agogo wo ìwé náà. Ó rí ara rẹ̀ nínú yàrá rẹ́díò, ó rí ìyá rẹ̀ tó ń pariwo pé ọmọ òun nìyẹn. Ó gbé ohùn sókè, ó sì kà á. Ẹkún tí Alàgbà ń fẹ́ náà wọ inú ohùn rẹ̀ wẹ́kú. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún un ló fi ṣe é, ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ohùn náà ti wọ inú wásáàpù gbogbo àdúgbò. Ẹni tó gbọ́ ọ á fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ aboyún tó kú tàbí ibi tí wọ́n sin ín sí. Ohùn tó ń ka Bíbélì ló sọ ọ́, ó tán.

Alágbàfọ̀ ni ìyá Agogo. Òun ló ń fọ aṣọ, ẹ̀gbọ́n Agogo obìnrin ló sì ń lọ̀ ọ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n náà jẹ́ awakọ̀ ọkọ̀ ńlá tó ń pẹ́ lójú ọ̀nà, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ bímọ sílé ìyá rẹ̀. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje. Ikùn kì í jẹ́ kó dojú kọ tábìlì mọ́, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń dúró tó bá ń lọ aṣọ. Agogo a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ń ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ náà, bí Agogo ti wọlé láti iléèwé, kò rẹ́ni bá ṣe yẹ̀yẹ́. Fóònù wà lórí àwọn aṣọ tí wọ́n ti ká, ohùn Agogo fúnra rẹ̀ sì ń jáde látinú rẹ̀.

"Agogo, ìwọ nìyí?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Ìgbà wo lo rí èyí? O ò sì sọ fún wa?"

Ìyá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. "Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ẹ̀yin méjèèjì? Ọwọ́ obìnrin yẹn kan náà ló gba ìwọ Agogo wá sáyé. Ọmọ mi, ṣé ó dá ọ lójú?"

Ibí yìí ni gbogbo rẹ̀ ì bá ti parí. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n Agogo rántí rẹ́díò, ó rántí ojú tí Alàgbà yóò fi wo òun, ojú sì tì í lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Ó dá mi lójú," ó ní.

"Ká ní kì í ṣe ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ ni, ǹ bá má gbà á," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ìwọ tí o ò lè parọ́ ẹran inú ìkòkò! Ó parí. N ò lọ síbẹ̀ mọ́."

Ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí àwọn aboyún máa ń lọ fún àyẹ̀wò, ìdí tábìlì ló wà tó ń lọ aṣọ. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kò rí bàtà wọ̀ mọ́, sálúbàtà ọkọ rẹ̀ ló ń wọ́ káàkiri. Lẹ́yìn èyí, orí fífọ́ dé. Ìyá rẹ̀ ní bóyá ooru áyọ́ọ̀nù ni.

Agogo ń wo ẹsẹ̀ yẹn lójoojúmọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kàn yà lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì. Lẹ́ẹ̀kan péré."

"Kí n lọ kú sẹ́nu ọ̀nà bíi ti ẹni tí o rí?"

Agogo sọ nínú ara rẹ̀ pé tí ìbò bá ti kọjá, òun yóò sọ ọ́. Ìbò kọjá. Alàgbà Oníbúlọ́ọ̀kù wọlé, ìjọ jó, wọ́n fò sókè, wọ́n ní Ọlọ́run ti jọba lórí òṣèlú. Nọ́ọ̀sì fìdí rẹmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn ibùdó ìlera bó ti máa ń ṣe, ó gbálẹ̀, ó nu bẹ́ǹṣì, kò sì sẹ́ni tó wá jókòó sórí rẹ̀. Agogo tún ní kí òun parí ìdánwò ná.

Ọjọ́ tó ṣe ìdánwò tó gbẹ̀yìn, ọ̀sán ni, oòrùn mú gan-an. Ó kù bí ilé mẹ́ta kó délé nígbà tó gbọ́ òórùn aṣọ tó ń jó. Ó sáré. Áyọ́ọ̀nù ti dojú bolẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, èéfín ń rú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà nílẹ̀, gìrì ń gbé e lu ẹsẹ̀ tábìlì. Ìyá wọn ń pe orúkọ Jésù, ó ń pe ọmọ rẹ̀, kò mọ èyí tí ì bá fi ṣíwájú.

Kò sẹ́ni tó rán Agogo níṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ.

Obìnrin náà dá jókòó, ó ń ká aṣọ ọmọ tuntun tí kò sẹ́ni tó wá gbà. Ó mọ ẹni tó wọlé. Ta ni kò mọ ohùn yẹn? Ṣùgbọ́n bó ti gbọ́ "ẹ̀gbọ́n mi, gìrì," kò bi í ní nǹkan kan. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì sáré ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Òun ló fún aláìsàn náà lábẹ́rẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀, òun ló dá ọkọ̀ dúró, itan rẹ̀ ni orí aláìsàn náà wà títí wọ́n fi dé ọsibítù ńlá.

Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n gbé ọmọ jáde, obìnrin, ó kéré, ó ń ké. Ìyá ọmọ kò jáde.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, Nọ́ọ̀sì yọ káàdì aboyún ti ẹ̀gbọ́n Agogo nínú báàgì rẹ̀. Ìlà mẹ́rin òkè kún fún ọjọ́ àti àmì. Gbogbo ìyókù ṣófo.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni," ó sọ fún ìyá Agogo. "Ó ní oògùn. Ká ní mo rí i lẹ́ẹ̀kan péré nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ì bá ti sọ fún mi. Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò mú un wá?"

Ìyá Agogo yíjú, ó wo Agogo.

"Irọ́ ni mo pa," Agogo ní. "N ò rí nǹkan kan. Alàgbà ló kọ ọ́ fún mi. Ó ní... ó ní Ráhábù náà parọ́."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. "Ráhábù parọ́ káwọn amí tó wọ̀ sílé rẹ̀ má bàa kú. Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ẹ̀mí ta ni irọ́ tìrẹ gbà là?"

Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ì bá nà án, ì bá sàn fún un. Ńṣe ló tú gèlè rẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ ọsibítù, ó sì sunkún bí ọmọdé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Agogo mọ òwe náà dáadáa, ó ti kọ ọ́ rí nínú ìdánwò, ó sì gba máàkì níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìnkú, ó bẹ Pásítọ̀ kó jẹ́ kí òun kàwé. Ó ṣí Bíbélì sí ibi òfin mẹ́wàá, ó kà á dé ibi tí Ọlọ́run ti ní a kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké, ó sì dé ìwé náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi ẹkún sí ohùn lọ́tẹ̀ yìí, ẹkún gidi ló ń dá a dúró.

Alàgbà, tó ti di Káńsẹ́lọ̀, dìde níwájú. "Ẹ má dá a lóhùn. Ìbànújẹ́ ló da orí ọmọ náà rú."

"Alàgbà, ẹ jókòó," ni Pásítọ̀ wí. Ó yíjú sí ìjọ. "Kì í ṣe òun nìkan. Èmi náà gbọ́ ohùn yẹn, mo sì fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn mi. A ò béèrè bóyá òótọ́ ni. Ohun tí a béèrè ni bóyá ẹni tiwa ni yóò wọlé. Ọlọ́run kò ní ká dìbò fún ẹni tiwa. Ó ní ká ṣe òdodo."

Àwọn kan sunkún. Àwọn kan ní Pásítọ̀ ti ń bá wọn ṣe òṣèlú lórí pẹpẹ. Alàgbà ṣì wà lórí ipò rẹ̀ títí dòní, omi kò sì tíì dé ibùdó ìlera. Ìpè kankan kò wá láti iléeṣẹ́ rẹ́díò, Agogo kò sì retí rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ibùdó ìlera fún ìwọ̀n, òun àti Nọ́ọ̀sì nìkan ló wà níbẹ̀. Agogo kúnlẹ̀.

"Dìde," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Mo ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n ìdáríjì mi kò lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹnikẹ́ni. Ó kéré tán, aboyún mọ́kànlá ló wà nílé nínú àdúgbò yìí. Ohùn rẹ ló lé wọn. Òun náà ni kó lọ pè wọ́n padà."

Báyìí ni Agogo ṣe pọn ọmọ náà, tó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Àwọn kan ṣílẹ̀kùn, àwọn kan kò ṣí i. Obìnrin kan bi í láti ojú fèrèsé pé èwo ni kí òun gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ti àkọ́kọ́ ni àbí tòní. Agogo yí ẹ̀yìn sí i, ó fi ọmọ tó pọ̀n hàn án.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà yìí, ẹyin lohùn: bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ẹni tó bá ní ká parọ́ nítorí Ọlọ́run, nítorí ara rẹ̀ ló fi ń bẹ̀ wá. Ẹ béèrè òótọ́ kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Bí ẹ bá sì ti parọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí ìbò tàbí ìdánwò bá parí kí ẹ tó jẹ́wọ́, nítorí ẹni tó gbà yín gbọ́ jù lọ ni irọ́ yín máa ń kọ́kọ́ bá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, aboyún mẹ́ta ló wá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Agogo gba káàdì wọn, ó sì ń fi ohùn rẹ̀ pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.