Ohùn Tí Jọkẹ́ Gbé Wá sí Kíláàsì

"Bí wọ́n bá fi Raheemat sípò yẹn, ẹ má pè mí sí nǹkan kan ní kíláàsì yìí mọ́," ni Jọkẹ́ wí, kò sì rọra sọ ọ́. Raheemat tó jókòó níwájú rẹ̀ gbọ́ ọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn fa àga rẹ̀ síwájú bí ẹni pé nǹkan kan ń rùn lẹ́yìn òun, àwọn tó rí i sì bú sẹ́rìn-ín.

Bí àwọn méjèèjì ṣe ń ṣe nìyẹn láti JSS3. Kò sẹ́ni tó rántí ohun tó dá ìjà wọn sílẹ̀ mọ́, àwọn gan-an ò rántí. Bí Jọkẹ́ bá gba ipò kìíní ní táàmù kan, Raheemat á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní táàmù kejì, ẹni tí ipò bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú wọn á sì máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi gún ẹnì kejì lára. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Bóyá àwọn ọmọ wọ̀nyí ò gbọ́ òwe náà rí, bóyá wọ́n sì gbọ́ ọ tí wọ́n dà á nù.

Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ipò kìíní lọ. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Àpòmù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì tirẹ̀, ìyẹn ètò tí wọ́n máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí èèyàn lè gbọ́ ọ lórí fóònù nígbàkigbà tó bá wù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni yóò máa ṣe atọ́kùn, yóò sì máa fọ̀rọ̀ wá àwọn ará ìlú lẹ́nu wò. Tíṣà Othniel, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílé ẹ̀kọ́ náà, ní kí ẹni tó bá fẹ́ ipò yìí mú pọ́díkáàsì tó fẹ́ràn jù wá lọ́jọ́ Ẹtì, kó jẹ́ kí kíláàsì gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, kó sì sọ ìdí táwọn èèyàn fi máa ń gbádùn rẹ̀. Kíláàsì ni yóò dìbò. Jọkẹ́ fẹ́ ipò náà débi pé oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lọ́fun. Ó ti ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ létí bó ṣe ń kí àwọn olùgbọ́ káàbọ̀.

Aránṣọ ni Salome, ìyá Jọkẹ́. Ìkirè ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, bó bá sì ti ń tẹ ẹ̀rọ ni fóònù rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ètò tó fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Láìdárúkọ. Àwọn obìnrin máa ń fi ohùn ránṣẹ́ síbẹ̀ láti sọ ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn, atọ́kùn á sì yí ohùn wọn padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀. Salome máa ń sọ pé òun kì í gbọ́ ọ nítorí òfófó. Ó ní bí òun bá ti gbọ́ pé ẹlòmíràn ń la irú ohun tí òun ń là kọjá, ara òun á fúyẹ́.

Lọ́jọ́rú, Jọkẹ́ ń ṣa bọ́tìnì tó dà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí ètò náà. Obìnrin náà ní ẹ̀bá títì ni òun ti ń din dòdò, ó sì ní òun kò mọ̀wé kà rárá. Ó ti fi í pa mọ́ fún ọmọ rẹ̀ láti kékeré. Bí ọmọ bá mú ìwé dé, á ní ojú ń ro òun, kí ọmọ kà á sókè kí òun gbọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n kà sí. Àwọn tó ń din dòdò ní Ìkirè àti Àpòmù kò lóǹkà, torí náà Jọkẹ́ kò kọ́kọ́ fura sí ẹnì kankan. Ìgbà tí obìnrin náà mẹ́nu ba ọjọ́ ìfúnnilẹ́bùn ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ni etí Jọkẹ́ dúró.

Ilé ẹ̀kọ́ wọn ní àṣà kan. Òbí ọmọ tó bá gba ẹ̀bùn ni wọ́n máa ń pè sórí pèpéle láti ka orúkọ ọmọ tí ẹ̀bùn kàn lẹ́yìn tirẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìyá Raheemat, tí òun náà ń din dòdò ní Àpòmù, gorí pèpéle, wọ́n fún un ní bébà, ó wò ó títí, ó ní òun gbàgbé awò ojú òun sílé, ó sì na bébà náà sí ọmọ rẹ̀. Orúkọ Jọkẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó yé Jọkẹ́ pé kò sí awò ojú kankan tí wọ́n gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn. Ọkàn rẹ̀ kan sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀ láti gbé jáde. Ó dá ọkàn náà lóhùn pé òun kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá dá ohùn mọ̀, ó kù sọ́wọ́ onítọ̀hún.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, Olúwafẹ́mi ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú pẹ̀lú ètò bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Ó ní bí òun bá ń gbọ́ ọ, ṣe ló máa ń dà bíi pé òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun ló jọ ń jiyàn. Gàrúbà mú wáàsí wá, ó ní òun máa ń gbọ́ ọ lójú ọ̀nà oko bàbá òun ní Ìkòyí tó wà nítòsí Àpòmù, àti pé ààfáà náà kò mọ òun rí, síbẹ̀ ó máa ń jọ pé òun nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ètò nípa ìlera ni Raheemat mú wá. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun láti máa gbọ́ ọ, nítorí pé bí ọwọ́ wọn bá wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata, etí wọn kò níṣẹ́ tó ń ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un dáadáa. Jọkẹ́ wo ọwọ́ wọn, ó sì rí i pé ipò náà ti ń lọ.

Ó gbé fóònù rẹ̀ ti sípíkà kékeré tí tíṣà gbé wá. Ohùn tí wọ́n ti yí padà náà sì kún kíláàsì.

"Mo fẹ́ràn láti máa gbọ́ ètò báyìí nítorí pé kò sẹ́ni tó máa bi mí bóyá mo lọ sílé ìwé," ni obìnrin náà ń sọ. "Wọ́n á sọ̀rọ̀, èmi á gbọ́. Ohun tí mo bá gbọ́ ni mo fi ń dá ọmọ mi lóhùn bó bá bi mí ní ìbéèrè. Ó rò pé inú ìwé ni mo ti rí i."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ pèpéle, bébà àti awò ojú. Àwọn kan ti ń wo Raheemat. Jọkẹ́ pa ohùn náà, ó ní àwọn èèyàn máa ń gbádùn irú ètò yìí nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ohun tí aládùúgbò wọn ń fi pa mọ́. Ó sì fi kún un pé, "Ẹ bá mi kí ẹni tó gbàgbé awò ojú ẹ̀ sílé."

Ẹ̀rín bo kíláàsì. Raheemat dìde. "Irọ́ lò ń pa mọ́ ìyá mi," ló wí, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ ni gbogbo ìgbà tí ojú ti ro ìyá rẹ̀ ń padà wá sí i lọ́kàn. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Iwájú ogójì ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ló ti kọ́kọ́ mọ̀. Ó kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó sì jáde. Tíṣà Othniel kò sí nílé ẹ̀kọ́ náà lọ́dún tó kọjá, kò yé e, ó rò pé ìjà àtijọ́ náà ni, ó sì ní kí wọ́n dìbò. Jọkẹ́ ló wọlé.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ó ti di ti ìlú. Àwọn ọmọkùnrin kan á dúró nídìí agbada ìyá Raheemat, wọ́n á ra dòdò, wọ́n á sì na bébà sí i pé, "Màmá, ẹ bá wa ka èyí." Ó fara dà á títí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó dojú agbada náà délẹ̀, kò sì jáde wá sẹ́bàá títì mọ́. Jọkẹ́ máa ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ bó bá ń bọ̀ láti Ìkirè, ó sì máa ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ yé Tíṣà Othniel, ó pe Jọkẹ́. Kò nà án, kò sì gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kíláàsì ló yàn ọ́. Lọ mú ẹnì kan ṣoṣo tó máa bá ọ sọ̀rọ̀ wá."

Jọkẹ́ rò pé ìyẹn kéré. Ó tọ bàbá kan tó ń lẹ táyà lọ, bàbá náà ní kó jọ̀ọ́, kó gbé fóònù rẹ̀ kúrò níwájú òun. Gàrúbà ní òun kò ní nǹkan kan láti sọ. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo fi ohùn Ìyá Raheemat ṣe yẹ̀yẹ́. Ohùn tèmi ò ní tàn dé Orílẹ̀-Òwu." Àwọn tó bá a rẹ́rìn-ín ní kíláàsì gan-an máa ń dákẹ́ bó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó di atọ́kùn tí kò rẹ́ni tọ́kùn ọ̀rọ̀ fún. Ètò náà kú sí i lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Oníbàárà kan ló sọ ọ́ fún Salome. Ó pa ẹ̀rọ, ó pa fóònù, kò sì bá ọmọ rẹ̀ jà pẹ̀lú ariwo. Ó ní, "Èmi ni mo máa ń gbọ́ ètò yẹn. Inú ṣọ́ọ̀bù mi lo ti jí ohùn obìnrin olóbìnrin gbé." Ó mú un lọ́wọ́, wọ́n sì wọkọ̀ lọ sí Àpòmù.

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá Raheemat. Obìnrin náà ní kí Salome dìde, pé kì í ṣe ìyá ọmọ ló ṣẹ òun. Kò ní kí Jọkẹ́ dìde. Nínú yàrá, Raheemat ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, kò sì kí ẹnikẹ́ni.

Jọkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ìyá Raheemat gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Mo ti dárí jì ọ́ nítorí Ọlọ́run," ló wí. "Pé gbogbo ìlú mọ̀ pé n ò mọ̀wé, ó dùn mí, ṣùgbọ́n màá gbé e. Agbada mi náà, màá tún gbé e kaná. Ṣé o rí ọmọ mi níbẹ̀ yẹn? Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ bó bá ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Á ní, Màámi, kí lẹ mọ̀ nípa èyí, kí lẹ mọ̀ nípa tọ̀hún. Láti ọjọ́ tí o ti gbé ohùn mi lọ sí kíláàsì yín, kò bi mí ní ìbéèrè kan mọ́. Ó ń ṣàánú mi. Ṣé wàá lè bá mi dá ìyẹn padà?"

Ẹnu Jọkẹ́ tó ti ń múra láti kí gbogbo ayé káàbọ̀ kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún obìnrin kan. Raheemat gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ wí. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn, ó sì ń kọ̀wé lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ máa gbọ́ ohun tó bá wù yín, kí ẹ sì máa pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ yín, kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ìrora rẹ̀ sí wa létí, ó fọkàn tán wa ni, àní bí kò tiẹ̀ mọ̀ wá. Ẹ má ṣe fi ohùn rẹ̀ ja ìjà yín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó fọ́ ọ lè kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n sì lè dárí jì í, ṣùgbọ́n kò ní lè bá wọn kó o jọ mọ́.